Ẹsẹ̀ Mọ́tò, Ojú Mọ́tò: Ìtàn Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Láti Ara Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Kan

Mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìpajẹ la ó gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ forí jì mí. Ìpajẹ á dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gba iwájú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ló pè mí lórí fóònù láti òkè òkun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri wá gbé píkọ́ọ̀pù yẹn lọ. Owó tí ẹ ń ná lé e lórí ti pọ̀ jù." Mo ní màá rò ó. Lóòótọ́ ni mo ń rò ó. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rí i pé bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yìí lọ, ìtàn kan máa bá a lọ, ìtàn tí àwa onímọ̀ èdè kò kọ sílẹ̀ bó ti yẹ. Ogójì ọdún ni mo fi ń gba oríkì, àlọ́ àti ẹ̀ka-èdè sílẹ̀ kiri ìletò. Ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ, àti ẹni tó ń tún un ṣe, èmi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọkọ̀ náà

Peugeot 504 ni, píkọ́ọ̀pù funfun tí àwọ̀ rẹ̀ ti di eérú. Mo rà á ní àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó kan ní 1988, torí mo nílò ohun tó lè gun òkè Àkókó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ àti àpò gààrí lẹ́yìn.

Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1979. Kí ó tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, tó jáde ní 1960, ti gba orúkọ ní Áfíríkà: ó gba ipò kìíní nínú ìdíje mọ́tò Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 náà gbà á ní 1975 àti 1978. Ní 1975 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń to Peugeot jọ ṣílẹ̀kùn ní Kàdúná. Àwọn tó dàgbà nígbà náà á rántí: ọ̀gá ìjọba, ọ̀jọ̀gbọ́n, dókítà, gbogbo wọn ló ń gun Píjò. Awakọ̀ tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Ìlọrin ń fi èyí tó gùn gbé èrò. Àgbẹ̀ àti oníkòkó ló ni píkọ́ọ̀pù.

Kí ló dé tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé nítorí ó lágbára ni. Agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó jù ni pé ó ṣeé tú. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀ kì í ṣe ara irin ẹ́ńjìnnì gan-an. Páìpù irin kan ni wọ́n tì bọ inú rẹ̀, tí omi ń ṣàn yí i ká. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní sílíìfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá darúgbó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì tó sì ń ru èéfín, kò di dandan láti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ńlá gbẹ́ irin. Mẹkáníìkì á yọ sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ti tuntun bọ̀ ọ́, á fi písítìnì àti ríìngì tuntun sí i. Abẹ́ igi máńgòrò tó fún iṣẹ́ náà. Ìdí píkọ́ọ̀pù náà rọrùn láti tún ṣe: ọ̀pá irin kan gbọọrọ láti táyà dé táyà, tó jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ewé. Bí ewé kan bá kán, a yọ ọ́, a fi òmíràn rọ́pò. Èyí tó kán kò ṣòfò, alágbẹ̀dẹ á rà á lọ fi rọ àdá.

Kí Píjò tó dé

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni Yorùbá ń pè ní ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ohun ìrìnnà tuntun dé la fa ọ̀rọ̀ náà gùn: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, kí ọdún 1920 tó dé, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ Blaize oníṣòwò ńlá, ti ń fi bọ́ọ̀sì gbé èrò, ó sì pe iṣẹ́ náà ní Àǹfààní. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe dára tó. W. A. Dawodu náà wà ní Èkó: kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, kó tó di ẹni tó ń ta mọ́tò, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn sọ́kàn o, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lẹ̀kájà gbòde. Ojúlówó irin ìsàlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ló ń ti òkè òkun wá. Gbogbo ara rẹ̀ tó kù, pákó ni, káfíńtà wa ló kàn án. Nítorí náà, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni mọ́tò ilẹ̀ wa ti jẹ́ àjọṣe òyìnbó, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ. Ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun wa padà sílé, àwọn kan nínú wọn sì ti kọ́ mọ́tò wíwà àti títún ṣe nínú ológun. Wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ògún ni wọ́n fi ṣe ìbúra, ajá ni wọ́n pa fún un, nítorí Ògún ló ni irin, ì báà jẹ́ àdá, ì báà jẹ́ gíà.

Etí ni wọ́n fi gbà á

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi rántí pé a pín ọ̀rọ̀ àyálò sí méjì: àfojúyá àti àfetíyá. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ló sọ pé tábìlì. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó sọ pé téébù. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì bí igba jọ báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àfojúyá kankan nínú wọn. Bíréèkì, púlọ́ọ̀gì, kílọ́ọ̀ṣì, gásíkẹ́ẹ̀tì, táápẹ́ẹ̀tì: etí ni gbogbo wọn gbà wọlé. Bí ojú ni wọ́n fi yá bíréèkì ni, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ fi hàn ni à bá máa gbọ́, a kò ní gbọ́ ìró /e/ yẹn. Wọ́n tú ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì ká pẹ̀lú /í/ tàbí /ú/, wọ́n fi ohùn òkè sí ibi tí òyìnbó ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohùn ìsàlẹ̀ parí i. Òfin tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ yín, ọmọ iṣẹ́ tí kò wọ ilé ìwé rí ń tẹ̀ lé e láìṣìkan.

Ohun tí èyí fi hàn fún onítàn ni pé ìmọ̀ yìí kò gba inú ìwé wọlé. Ẹgbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló gbà, láti ẹnu ọ̀gá sí etí ọmọ iṣẹ́, ọwọ́ kan lára sípánà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé fún wa ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Abẹ́ igi fún wa ní èyí tí a kò kọ síbì kankan.

Àmọ́ orúkọ nìkan ni wọ́n yá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yá. A ń tú ẹ́ńjìnnì, a ń dè é, a ń fọ kábúrétọ̀, a ń da ọ́ìlì nù, a ń fún bíréèkì, a ń ṣíná mọ́tò. Àìsàn mọ́tò pẹ̀lú, tiwa ni: ó ń húkọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń mu ọ́ìlì, ooru mú un, ó dákú sójú ọ̀nà. Wọ́n sì pín ara rẹ̀ bí ara ènìyàn. Ẹsẹ̀ mọ́tò ni gbogbo ohun tó gbé táyà dúró. Ojú rẹ̀ ni iná iwájú. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún," kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ẹsẹ̀ wo. Nígbà tí àwa ọ̀mọ̀wé ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ láti ṣẹ̀dá èdè-ìperí, tí a ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn wọ̀nyí ti ṣe tiwọn tán, kò sẹ́ni tó fún wọn ní tíì àti bisikíìtì.

Ọ̀rọ̀ tó ń tọ́jú ìtàn

Mẹkáníìkì mi, Ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Òun ń pè mí ní Prọ́ọ̀fù. Lọ́jọ́ kan ní 1991, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣíná. Ọ̀gá ní, "Kíìkì ni." Èmi, nínú ọgbọ́n mi, mo ní, "Ọ̀gá, mọ́tò ò ní kíìkì o. Alùpùpù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta ló ní kíìkì. Sítátà lẹ fẹ́ sọ." Ó wò mí. Ó ní, "Prọ́ọ̀fù, ẹ lọ sí Gate ní Ìbàdàn, kí ẹ ní kí wọ́n ta ohun tí ẹ pè yẹn fún yín. Ẹ wá sọ ohun tí wọ́n bá tà fún yín fún mi."

Mo lọ. Mo béèrè sítátà. Kékeré kan tí wọ́n ń fi sínú iná fọ́ọ̀rọ́sẹ́ǹtì ni ọmọkùnrin náà ń nawọ́ sí fún mi.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Kí ló dé tí mẹkáníìkì mọ́tò á fi orúkọ ẹ̀yà ara alùpùpù pe ohun tó ń ṣíná mọ́tò? Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wọn bọ̀. Ẹ rántí Dawodu. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ náà gbà wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ṣẹ́kù tó ń jẹ́rìí sí i. Èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ èdè ni mo fẹ́ pa ẹlẹ́rìí náà lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo òmíràn. Ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, rìwáyà ni à ń pè é: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń lẹ táyà, fọkanáísà. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá da imí ọjọ́ pọ̀ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná sí i, rọ́bà náà á le, kò ní máa yọ́ mọ́ nínú oòrùn. Àwọn òyìnbó fi orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, pe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, fọkanáísà tó jókòó ní oríta yín, tó gbé táyà kọ́ sórí igi, orúkọ òrìṣà alágbẹ̀dẹ ló ń jẹ́. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi mọ̀ pé ọmọ Ògún ni mí. Ẹ ò ní láti lọ sí Róòmù."

Dáírẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Fáànù 504 kì í yí ní gbogbo ìgbà. Iná bátìrì ló ń mú un dì mọ́ ohun tó ń yí i bí omi rédíétọ̀ bá gbóná. Bí omi bá tutù, á tú u sílẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ó ń dín bẹntiróòlù kù. Ṣùgbọ́n bí wáyà inú rẹ̀ bá jóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á gbóná, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á wọ inú ọ́ìlì. Mẹkáníìkì wa á fi nọ́ọ̀tì de fáànù náà pa, á máa yí ní gbogbo ìgbà. Ó ti di dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wọ ìgboro. Ẹni tó bá so iná ilé rẹ̀ láìgba inú mítà, dáírẹ́ẹ̀tì ló ṣe.

Ọ̀rọ̀ tẹmósítáàtì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Ọ̀gá. Ohun kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa ni. Mo ka ìwé àtúnṣe, mo rí i pé ẹ́ńjìnnì tó bá ń tutù jù ń tètè gbó, ó sì ń mu bẹntiróòlù. Mo bi Ọ̀gá pé níbo ni tẹmósítáàtì mi wà. Ó ní òun ti yọ ọ́ jù nù tipẹ́. Mo bínú. Ó ní, "Tó bá pa ẹnu dé lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, ṣé ìwé yín ló máa wá ṣí i?" Ìwé tọ̀nà. Ọ̀gá náà tọ̀nà, nítorí ìwé ti gbà pé ẹ̀yà ara tuntun wà lórí káńtà. Ní ọdún tí à ń wí yìí, kò sí.

Ọdún 1986

Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ ìtàn yìí láìdárúkọ SAP. Ní 1985, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó náírà 1. Ìjọba gbé ètò náà kalẹ̀ ní 1986. Nígbà tó fi di 1989, dọ́là kan ti lé ní náírà 7. Owó oṣù wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń gbówó oṣù. Ohun tó wọlé dípò rẹ̀ ni àlòkù òkè òkun, láti èbúté Kùtọnu gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Kí ni àwọn èèyàn pè é? Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé ni wọ́n fún ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Ẹni tó sọ ọ́ ní orúkọ yìí mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì mọ bí a ti ń gba ara ẹni níyànjú.

Ní ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, ì báà jẹ́ ní Gate, ì báà jẹ́ ní Ládipọ̀ ní Múṣin, orúkọ ìlú di orúkọ ìpele. Ojúlówó wà, owó rẹ̀ ga. Bẹ́líjíọ̀mù wà, ìyẹn ojúlówó tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù òyìnbó. Táíwàn wà, ìyẹn èyí tí wọ́n fara wé ojúlówó ṣe. Ẹni tí kò rí òde ìlú rẹ̀ rí lè fi ọwọ́ kan páàdì kó sọ ilẹ̀ tó ti wá fún ọ.

Mo jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Ní 1993, Ọ̀gá ní kí n ra páàdì bíréèkì ojúlówó, tàbí ó kéré tán Bẹ́líjíọ̀mù. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò tíì san owó oṣù wa. Mo ra Táíwàn, mo sì purọ́ fún un pé ojúlówó ni. Ó wo páálí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó fi í sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Mo darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n gé láti la ọ̀nà. Apá ìyàwó mi kán. Títí dòní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, apá náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Nígbà tí Ọ̀gá tú táyà, tó rí páàdì tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Prọ́ọ̀fù, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀wọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Kò gba owó iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń bá mi lọ sí ọjà.

Mo máa ń rò ó: ọ̀wọ̀ tí a ń fún ìwé nílẹ̀ yìí pa ẹnu ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ́, ó sì ṣẹ́ apá ènìyàn.

Ọṣẹ ní ọ̀nà Ìkàrẹ́

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè ronú sí. Ẹ mọ̀ pé ní Àkókó, èèyàn lè rin máìlì díẹ̀ kó bá èdè tí kò gbọ́ pàdé. Ní 1990, òkúta gé ìdí táńkì mi ní ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́, bẹntiróòlù ń jò. Ọmọdékùnrin kan, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, yọ jáde láti ibi iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó gba ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fi ọwọ́ rọ̀ ọ́, ó fi dí ojú ihò náà pinpin. Jíjò dúró. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ, omi ló ń yọ́ ọ. Ọṣẹ yẹn gbé mi dé ilé.

Èdè tí ọmọ náà fi ń bá ìyá ọlọ́ṣẹ sọ̀rọ̀, mo ní láti tẹ́tí gidigidi kí n tó mú díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú sí mọ́tò, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti Ọ̀gá: táńkì ló ń jò, ẹ má gùn ún ní gíà ńlá, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò. Láti Ìkàrẹ́ dé Múṣin, ọ̀rọ̀ kan náà. A máa ń sọ pé Bíbélì àti ìwé kíkà ilé ẹ̀kọ́ ló so Yorùbá gbogbogbò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ti Ìkàrẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó, tó gba fírídọ́ọ̀mù, tó sì padà wálé dá iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà jẹ́ olùkọ́ èdè. Àwọn mélòó nínú wa ló ti kọ èyí sínú ìwé ìmọ̀?

Etí Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ mi tó ní kí n ta ọkọ̀. Àtúnṣe ọkọ̀ àgbà kò le ní òye: ọ́ìlì lákòókò, gíríìsì sí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, omi tó mọ́ nínú rédíétọ̀, púlọ́ọ̀gì tí a fi bíléèdì ayùn ìgérin wọn ẹnu rẹ̀, nítorí bíléèdì náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdámẹ́wàá mẹ́fà mìlímítà lọ, ó sì tó ìwọ̀n náà. Ohun tó le ni gbígbọ́. Ọ̀gá kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Sukurudíráfà gígùn ló ní. Á fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ kan egungun etí, á dijú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á ní, "Táápẹ́ẹ̀tì kẹta ń sọ̀rọ̀." Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè àti ohùn àárín, n kò gbọ́ ju ariwo lọ.

Ọkọ̀ ayé òde òní ní ohun tí wọ́n ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn báyìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà kékeré bi í léèrè, á sì dá wọn lóhùn ní nọ́ńbà àti lẹ́tà. N kò bú wọn o, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá tó kẹ́yìn ti lọ gun ọ̀kadà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sì sí ẹlòmíràn. Kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tó fẹ́ fi ọwọ́ kan ọ́ìlì.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí ọmọ mi pè, mo gbé ọkọ̀ lọ fún un láti ṣe táápẹ́ẹ̀tì. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti fura sí i, ọjọ́ náà ló wá hàn gbangba. Ọ̀gá fi sukurudíráfà sétí, ó dijú, ó pẹ́. Ó gbé e sí etí kejì. Ó wá nà án sí mi. Ó ní, "Prọ́ọ̀fù, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Kò wọlé mọ́."

Mo gbà á. Ó ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n máa gbọ́: tí ó bá ń dún kó-kó-kó gbígbẹ, ó fẹ̀ jù, tí ó bá dákẹ́ pátápátá, ó há jù, á jó fáàfù. A ṣe ìkíní, mo ní ó dára. A ṣe ìkejì. Ní ìkẹta, mo sọ fún un pé ó ti dára, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀, a bo gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ṣíná, ọwọ́ tó gbé lé ẹ́ńjìnnì ti sọ fún un pé mo ṣì í. A tún un tú. Ìlẹ̀ ṣú kí n tó délé.

Mo ti dá ọmọ mi lóhùn pé n kò tà á ní ọdún yìí. Mo ti ra ìwé akọsílẹ̀ tuntun, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó yẹ kí n ti gbé lọ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ọkọ yín ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ohun gbogbo, àti ọ̀gá tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá pè é ní ohun tí kò sí nínú ìwé, ẹ má tún un ṣe fún wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é.

Ìpajẹ ń bọ̀ lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ògún bá gbà.